Èémí Ọ̀gá ni Òṣùwọ̀n

Ọkùnrin kan wà tí ó fi àyà ara rẹ̀ wọn àyà gbogbo ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má bàa ti bínú sí i jù kí n tó parí. Ó kàn fẹ́ràn ara rẹ̀ ni, bí ìyá ṣe ń fẹ́ràn ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Òun ni Olùdarí Ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ẹ̀rọ ìwòsàn wò. Kò sí ẹ̀rọ tí dókítà lè fi kan ara aláìsàn, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara lásán, àfi bí ó bá gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti kẹ́yìn, Ẹ-tún-un-sọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìdí ni pé bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín, yóò fi ọwọ́ sẹ́tí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, yóò ní, "Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ." Wọn yóò tún un sọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, etí rẹ̀ a tún di lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ rírán. Aránṣọ la ó máa pè é. Aránṣọ náà bí ọmọbìnrin kan, tí kò tíì ju ẹni tí ń di ògiri mú rìn lọ. Ọmọ náà kéré, ojú rẹ̀ sì mú, ni ìyá rẹ̀ bá ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó ní kékeré ni abẹ́rẹ́ wà tí kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, nǹkan ti há Abẹ́rẹ́ láyà. Bí ó bá mí sínú, egungun ìhà rẹ̀ a yọ síta. Bí ó bá mí síta, ohùn tín-ín-rín kan a bá a jáde, fí-í-ì, bí afẹ́fẹ́ tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan. Ẹ wá wo ohun tí Ẹ-tún-un-sọ fi ẹ̀rọ náà ṣe.

Ẹni tó ṣe é kò ní orúkọ mìíràn nínú ìtàn yìí ju Ẹlẹ́rọ lọ. Àpótí kékeré ni, kò tóbi ju ike ọṣẹ lọ. Bí wọ́n bá gbé e lé àyà ọmọdé, yóò gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Bí àyà bá dá, iná aláwọ̀ ewé a tàn. Bí kò bá dá, iná pupa. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rọ ti jẹ́ kí ó gbọ́ èémí ọmọdé lọ súà, àwọn tí ara wọn yá àti àwọn tí ara wọn kò yá, títí ó fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó wá gbé e síwájú Olùdarí kí ó lè fọwọ́ sí i kí ìgbà òtútù tó dé.

"Àwọn ọmọ wo ni ẹ̀rọ yìí gbọ́ èémí wọn?" Ẹ-tún-un-sọ bi í níwájú ìgbìmọ̀.

"Àwọn ọmọ ilé ìwòsàn ni, sà."

"Ọmọ ta ni wọ́n?"

Ẹlẹ́rọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ àwọn ènìyàn ni, sà."

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ àwọn ènìyàn." Olùdarí fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ̀rọ tí yóò máa dájọ́ ìlera nílẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣì ń tọ̀ sílé ló lọ kọ́ ọgbọ́n."

Igbákejì rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, nítorí pé ẹni tó bá pẹ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀, wọ́n á fura sí i. "Ọ̀gá mi, oyin ń kán lẹ́nu yín."

"Kí lẹ wí? Ẹ tún un sọ."

"Mo ní oyin ni, sà. Ògidì oyin, tí a kò bomi là."

Ẹ-tún-un-sọ dìde. Bí ó bá ti dìde báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n a wá nǹkan fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, "ìlànà tuntun ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Láti òní lọ, ẹ̀rọ ìwòsàn yòówù tó bá ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣèdájọ́ kò gbọdọ̀ kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ ẹni tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ, ẹni tí ipò rẹ̀ ṣe é fọwọ́ sọ̀yà, ni yóò ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó bá sì ti kọ́ ọ tán, tí mo fọwọ́ sí i, dókítà kankan kò gbọdọ̀ bá a jiyàn. Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ sí kì í ṣìnà, àfi bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ pé ó ṣìnà."

"Sà," Ẹlẹ́rọ wí, "ẹ̀rọ ọmọdé ni. Bí àgbà ṣe ń mí kọ́ ni ọmọdé ń mí."

"Ta ló ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan, bí kò ṣe àgbà?"

Igbákejì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ìgbìmọ̀ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rọ wo òrùlé. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí ẹ̀rọ yìí, kò sí ilé ìwòsàn tí yóò lò ó láéláé. Ó rò ó pé bóyá ẹ̀rọ tó gọ̀ díẹ̀ ṣì sàn ju àìsí ẹ̀rọ rárá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ló ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọ inú kòtò. Ó gbé àpótí náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ó dáa, sà. Ta ni yóò kọ́kọ́ mí?"

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè burúkú nìyẹn.

Ẹ-tún-un-sọ ló kọ́kọ́ mí. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó gbé àyà sókè, ó fa afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fa omi kànga, ó sì tú u sílẹ̀ tohùn-tohùn: hòo, fí-í-ì.

"Èémí ọlọ́lá," ni Igbákejì wí, ó nu ojú rẹ̀.

Ó wá kan Igbákejì. Ta ni yóò sì mí ju ọ̀gá rẹ̀ lọ? Ó mí díẹ̀, ó gbé ìyókù mì. Àwọn olórí ẹ̀ka tó tẹ̀lé e rí bí ó ti ṣe é, àwọn náà mí kéré sí tirẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń fi ọwọ́ bẹ Ẹlẹ́rọ pé kó ṣe kíá. Ẹni tó kẹ́yìn gbogbo wọn ni obìnrin tí ń gbálẹ̀ ilé náà, tí ń gbé korobá omi gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ta á lólobó pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fi èémí bù fún ara wọn. Ó jókòó, ó mí. Èémí rẹ̀ mọ́ gaara.

"Ó ku kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ yá àti èyí tó jẹ́ ti aláìsàn," Ẹlẹ́rọ wí. "Ẹ̀rọ kò lè mọ ìlera bí kò bá mọ àìsàn, sà."

"Nínú ilé-iṣẹ́ tèmi, ta ni aláìsàn?"

Olúkúlùkù ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ẹ-tún-un-sọ ronú díẹ̀. "Ó rọrùn," ni ó wí. "Òkè ni ìlera wà. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń dínkù."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ pé èémí Olùdarí, tòun ti fí-í-ì inú rẹ̀, ni ìlera tó pé pérépéré, àti pé èémí obìnrin agbálẹ̀, tí ohùn kankan kò sí nínú rẹ̀, ni àìsàn tó le jù. Obìnrin náà dúró ti Ẹlẹ́rọ lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá kí òun lọ sọ fún àwọn ọmọ òun nílé pé òun ń ṣàìsàn.

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn, mà," Ẹlẹ́rọ dá a lóhùn. "Ẹ máa gun àtẹ̀gùn yín lọ."

Wọ́n pín ẹ̀rọ náà dé gbogbo ilé ìwòsàn. Àyà ọmọdé tí wọ́n bá gbé e lé, iná pupa. Ọmọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pupa. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ gún àfọ́kù ìgò, pupa. Ọmọ tó kàn tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá wo àbúrò tuntun, pupa, wọ́n sì dá a dúró. Kò pẹ́ tí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé fi kún dẹ́nu fún àwọn aláìsàn tí ń fò láti orí ibùsùn kan dé orí èkejì, tí wọ́n ń fi ìrọ̀rí ju ara wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lé wọn kiri, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró gba ìtọ́jú.

Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ẹ-tún-un-sọ, wọ́n rò pé ẹ̀rù yóò bà á. Ẹ̀rù kọ́. Ó gba orí rédíò lọ.

"Kí n tó gun orí àga yìí," ni ó wí, "ta ló mọ̀ pé gbogbo ọmọ ìlú yìí ni ara wọn kò yá? Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ń wò wọ́n. Wọ́n ń sáré kiri nínú àìsàn. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú àìsàn. Wọ́n ń jẹun tán, wọ́n tún ń béèrè òmíràn nínú àìsàn. Kò rí wọn. Èmi ni mo rí wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn aláṣẹ òkè létí, inú wọn sì dùn. Mínísítà rán iṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣe ayẹyẹ ní gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ńlá, àti pé bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, òun yóò fi Olùdarí ṣe Alákòóso gbogbo ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà ni Aránṣọ pọn Abẹ́rẹ́ wá sí wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá náà. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ọmọ náà láyà láìtilẹ̀ wò ó, nítorí ó ti mọ àwọ̀ tí yóò yọ. Iná ewé ló tàn. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ nu ojú ẹ̀rọ náà, ó tún gbé e lé ọmọ náà láyà. Ewé. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

"Ìyá ọmọ, ẹ kú oríire," ó wí. "Tiyín nìkan ni ara rẹ̀ yá."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìhà rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ìhà náà, ó wo iná, kò sì tún fẹ́ wo ìhà náà mọ́. Ó lọ pe Dókítà.

Dókítà jẹ́ ọkùnrin tó ti rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó fi etí gbọ́ àyà ọmọ náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó sì fa Aránṣọ lọ sí kọ̀rọ̀.

"Ikọ́ fée ni," ó wí. "Èyí tí ń fún ọ̀nà èémí mọ́ra. Kò sì kéré."

"Ẹ fún un lóògùn nígbà náà."

"Mo ti fi èyí tó kù nísàlẹ̀ ike fún un báyìí. Òun ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó tó tún dé. Ẹ̀rọ tí ń fín oògùn sí imú, àwọn oníná pupa ni wọ́n pín gbogbo rẹ̀ fún." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọkùnrin kan tó fi ìbòmú rẹ̀ dé orí bí fìlà. "Ìlànà ní ọmọ oníná ewé kò gbọdọ̀ gba bẹ́ẹ̀dì, kò gbọdọ̀ gba oògùn. Bí mo bá bá ẹ̀rọ jiyàn, wọ́n á lé mi, ẹni tí wọ́n á fi rọ́pò mi kò sì ní fi etí gbọ́ àyà ẹnikẹ́ni."

"Ta ló wá lè bá a jiyàn?"

"Ẹnu kan ṣoṣo ni." Dókítà wò ó lójú. "Ẹ̀yin lẹ sì ń pe ẹni tó ni ẹnu náà ní 'Bàbá mi'."

Aránṣọ jókòó sórí àga gbọọrọ níta, ó gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Fí-í-ì. Fí-í-ì. Ó ti gbọ́ ohùn yìí rí. Ó ti gbọ́ ọ kó tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ara ògiri ni ohùn náà máa ń gbà wá láti yàrá bàbá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ a sì fi ìka sẹ́nu, a ní, "Ẹ má pariwo o. Bàbá yín ló ń ronú." Bí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe dàgbà nìyẹn, wọ́n gbà pé bí ọpọlọ ńlá bá ń ṣiṣẹ́, ohùn tó máa ń mú jáde nìyẹn.

Kí ni ọmọ ọdún kan ń rò?

Ó dìde, ó gba ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ lọ.

Kí ènìyàn tó rí Ẹ-tún-un-sọ, yóò kọ́kọ́ kan akọ̀wé, tí yóò béèrè ohun tó bá wá. Yóò kan Igbákejì, tí yóò tún béèrè ohun tí akọ̀wé ti béèrè. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi í jókòó síwájú àwòrán Olùdarí tó ga bí ilẹ̀kùn, kí ó lè máa wo ayédèrú títí àyè yóò fi ṣí láti rí ojúlówó. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Aránṣọ wọlé, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ ayẹyẹ sétí fèrèsé.

"Aránṣọ mi," ó wí, ó na ọwọ́ gba ọmọ náà. "Wọ́n ti wá sọ fún mi. Iná ewé. Nínú gbogbo ọmọ ìlú. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́."

"Bàbá mi, ọmọ yìí kò lè mí."

"Ẹ̀rọ ní ó ń mí."

"Ẹ gbé etí lé e lẹ́yìn."

Ó gbé etí lé e. Fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọmọ náà padà fún ìyá rẹ̀ kíá.

"Ó ń ronú ni," ó wí.

"Kí ló ń rò? Kò tíì mọ imú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹnu."

"Bí àwa ṣe rí nínú ẹbí nìyẹn. Ìwọ náà…"

"Èmi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, Bàbá mi. Ẹ̀yin kì í dùbúlẹ̀ sùn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, orí àga lẹ ti ń sùn, tẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí há ẹ̀yìn. Dókítà ní ikọ́ fée ni. Ọ̀kan náà ni tiyín àti tirẹ̀."

Ó yára wo ilẹ̀kùn. "Rọra. Ògiri létí. Igbákejì sì wà lára ògiri."

"Ẹ kàn sọ pé ẹ̀rọ yẹn ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Bí mo bá ní ó ṣìnà, wọn ò ní béèrè àyà ẹni tó ṣì í lọ́nà?" Ó jókòó. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń gbé nǹkan yìí pamọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń dún, wọn kì í fi joyè. Jẹ́ kí ọ̀la kọjá. Bí wọ́n bá ti fi mí ṣe Alákòóso tán, ìlànà wo ni mi ò lè yí padà? Odindi wọ́ọ̀dù ni mo máa fún un."

"Bí ọ̀la kò bá bá a láyé ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ ṣe àtúntò àwọn bébà tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wọn tò. "Wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun," ó wí nígbẹ̀yìn. "Gbé e wá. Mo fẹ́ kí Mínísítà rí i."

Ẹ má bínú sí i jù. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé kó jẹ́ kí ọ̀la kọjá?

Dókítà fi àga ara rẹ̀ ṣe ibùsùn fún Abẹ́rẹ́ di àárọ̀. Aṣọ funfun kò jẹ Aránṣọ lógún, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ náà lọ sí gbọ̀ngàn nísàlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu tó ń wá yóò wà. Ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ẹkún ń fẹ́ agbára, ohun tó kù lára rẹ̀ kò tó ìyẹn.

Gbọ̀ngàn kún. Mínísítà jókòó síwájú, obìnrin kan tó ga, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í fi ojú rẹ́rìn-ín. Ẹ-tún-un-sọ bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ní ọjọ́ ológo," ó bẹ̀rẹ̀, "ní ọjọ́ iyì, ní ọjọ́ ẹ̀yẹ tí kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú gbogbo ọjọ́ tí oòrùn ti ń là tí ó sì ti ń wọ̀, ó tọ́, ó yẹ, ó sì bá a mu rẹ́gí, kí n fi ìrẹ̀lẹ̀, èyí tí mo ní ju ẹnikẹ́ni lọ…"

Afẹ́fẹ́ tán nínú rẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró láti fa òmíràn. Fí-í-ì, ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wí fún gbogbo gbọ̀ngàn.

Ó tètè nawọ́ sí Aránṣọ. "Ẹ wo ọmọ tí ara rẹ̀ yá jù lọ nílẹ̀ yìí." Aránṣọ gun orí pèpéle. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lé Abẹ́rẹ́ láyà, iná ewé tàn, àtẹ́wọ́ sọ. Nígbà tí àtẹ́wọ́ dákẹ́, ohùn méjì ló kù lẹ́nu gbohùngbohùn, ti àgbà àti ti ọmọdé, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn.

"Ṣé ẹnìkan gbé kẹ́tùlù kaná ni?" Mínísítà béèrè.

"Ohùn ìlera ni, Mínísítà wa," Ẹ-tún-un-sọ wí. Ẹ̀rù ti ń bà á, ohun tí ẹ̀rù sì máa ń jẹ́ kó ṣe ni kó tún fọ́nnu sí i. "Kí gbogbo ayé lè rí i, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ náà lé ẹ̀yin fúnra yín láyà."

Wọ́n gbé e lé e. Iná pupa.

Kò sí ẹni tó mí. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èémí gbogbo ìgbìmọ̀ yóò dọ́gba.

"Mo máa ń sáré ní gbogbo àárọ̀," Mínísítà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo sáré lónìí."

Igbákejì ti dìde. Ó já ẹ̀rọ náà gbà, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó sì mí tinútinú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti gba iṣẹ́ níbẹ̀. Pupa. "Ẹ ṣé o," ó wí. "Pupa ni tèmi náà, Mínísítà wa. Pupa ni àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ni ìyè. Mo ti ń rò ó nínú mi tipẹ́ pé iná pupa yẹn gan-an ni ti ìlera." Akọ̀wé sáré tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn olórí ẹ̀ka sáré tò sí ẹ̀yìn akọ̀wé, wọ́n ń tú bọ́tìnnì. Ẹni tí tirẹ̀ bá yọ pupa, á gbé e sókè bí ife-ẹ̀yẹ. Bí ẹ bá rí ibi tí àwọn àgbàlagbà ti ń ti ara wọn kí wọ́n lè jùmọ̀ ṣàìsàn pẹ̀lú Mínísítà, ẹ ó gbà pé ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ́ ni ìṣòro ayé.

"Ẹ jókòó," Mínísítà wí. Wọ́n jókòó. "Olùdarí, ọ̀kan nínú méjì ni. Bóyá mo ń ṣàìsàn, tàbí ẹ̀rọ yín ti ṣìnà. Ìlànà tiyín ní ẹnu yín nìkan ló lè sọ ọ́. Mo ń gbọ́."

Ẹ-tún-un-sọ la ẹnu. "Mínísítà wa, ó ṣe é ṣe, mi ò sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀ o, ó kàn ṣe é ṣe kí ẹ nílò ìsinmi díẹ̀…"

Gbọ̀ngàn kùn. Igbákejì rọra fa àga rẹ̀ kúrò nítòsí tirẹ̀.

Aránṣọ kò bá a jà. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn Abẹ́rẹ́. "Bàbá mi," ó wí, "ó ti rẹ̀ ẹ́ láti mí."

Àtẹ́lẹwọ́ ńlá náà bo gbogbo ẹ̀yìn ọmọ yẹn. Lábẹ́ rẹ̀, àyà kékeré kan ń ti nǹkan tó wúwo jù ú lọ, ó ń tì í, ó ń sinmi, ó tún ń tì í. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, bàbá àgbà rẹ̀ nìkan ló mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe. Ó ti ń dá a ṣe láti kékeré. Ó wo ètè ọmọ náà. Àwọ̀ ètè náà kò dára.

"Ó ṣìnà," ó wí.

Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ní kó tún un sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un sọ, ó sì fẹnu kan gbohùngbohùn kí ó lè dé ẹ̀yìn pátápátá.

"Ẹ̀rọ náà ṣìnà. Àyà mi ni wọ́n fi kọ́ ọ, àyà mi kò sì dá láti ìgbà èwe. Ẹni tó bá ń mí bíi tèmi, aláìsàn ni. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yìí."

Dókítà ti dé ẹsẹ̀ pèpéle kó tó sọ gbólóhùn yẹn tán.

Ìyókù kò gùn. Mínísítà kò pariwo, ó kàn ní kí Ẹ-tún-un-sọ má padà sí ọ́fíìsì náà mọ́. Ó ní kí Ẹlẹ́rọ dá ọgbọ́n tí ẹ̀rọ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé padà sínú rẹ̀, ó sì ní dókítà tó bá rí ohun tí ẹ̀rọ kò rí gbọdọ̀ sọ ọ́. Igbákejì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pé òun ti ń fura sí èémí yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bóyá wọ́n á fi í sórí àga náà, èmi ò mọ̀. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lókè ní wọ́ọ̀dù, àwọn ìyá wá kó àwọn ọmọ oníná pupa wọn lọ. Àwọn kan ń sunkún, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ lọ sílé, ara àwọn kò yá. Ibùsùn ṣófo. Oògùn ń hó nínú ẹ̀rọ tí ń fín in, èéfín rẹ̀ funfun ń wọ imú Abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ dúró tì í, ó ń wo ìhà rẹ̀, ó ń wò ó, títí àwọn egungun náà fi ń padà sábẹ́ awọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Dókítà ṣe ti ọmọ tán, ó yíjú sí ọkùnrin tó jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan àgbọ̀n.

"Ó kàn yín, Bàbá."

"Èmi? Rárá o. Èmi ti mọ bí mo ṣe ń…"

"Ẹ mí sínú."

Ìbòmú ọmọdé nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù náà, wọ́n sì ti ṣe é ní ojú ehoro kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn ọmọ. Wọ́n so ó mọ́ ọn lójú. Etí gígùn méjì dúró ṣánṣán lókè orí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti Alákòóso gbogbo ilé ìwòsàn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Èéfín nìkan ló jáde.

Abẹ́rẹ́ ti la ojú. Ó wo bàbá àgbà rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí ń yẹ nǹkan wò kó tó fọwọ́ sí i. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gùn, ó dákẹ́ láti fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí èémí rẹ̀ kò tó kì í ná an sórí ẹ̀rín. Gbogbo ìyá ló mọ̀ ọ́n. Aránṣọ gbọ́ ọ, ó fa àga kan mọ́ra, ó sì jókòó.